Ọ̀wúrọ̀ Ọyẹ́ Ni A Fi Ń Mọ Oníṣẹ́ Sólà

Ọ̀rọ̀ méjì tí kò bára mu ló ti ń jà nínú mi láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọn ọ̀dọ́ tó kọ́ṣẹ́ sólà, tí wọ́n gbàwé ẹ̀rí, ń sọ pé àwọn ò ríṣẹ́ ṣe. Àwọn onílé náà ń pariwo pé àwọn ń wá ẹni tí yóò ṣe sólà kó má bàjẹ́ láàárín ọdún kan, àwọn ò rí. Ìlú kan náà ni wọ́n jọ ń gbé, nígbà mìíràn àdúgbò kan náà. Báwo ni oníṣẹ́ ṣe ń pọ̀ lọ́jà, tó sì tún ń wọ́n lọ́jà?

Ọdọọdún ni wọ́n ń gbé àkójọ iṣẹ́ tí yóò tà lọ́jọ́ iwájú jáde. Èyí tí àjọ World Economic Forum gbé jáde ní oṣù kìíní ọdún 2025 sọ pé kó tó di 2030, iṣẹ́ tuntun mílíọ̀nù 170 yóò yọjú lágbàáyé, mílíọ̀nù 92 yóò sì wọlẹ̀. Àwọn tó ń kà á kàn ń wo orúkọ tó wà lókè pátápátá ni: dátà, ọgbọ́n àtọwọ́dá, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ń fo ibi tí ìwé kan náà ti sọ pé àgbẹ̀, awakọ̀ tó ń kó ẹrù fún oníbàárà àti kọ́lékọ́lé ni iye wọn yóò pọ̀ sí i jù, àti pé àwọn onímọ̀ iná oòrùn àti iná afẹ́fẹ́ wà lára àwọn tí ọjà wọn ń yára gòkè. Àkójọ náà wúlò, ṣùgbọ́n orúkọ iṣẹ́ nìkan ló ń fún wa. Kì í sọ apá ibi tí owó wà nínú iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ sólà ní ilẹ̀ Yorùbá ni mo fẹ́ fi yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, nítorí pé níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti hàn kedere jù lójú mi.

Mi ò ní fi ìtàn NEPA dá yín dúró. Ẹ mọ ohun tí owó bẹntiróòlù dà lẹ́yìn 29 oṣù karùn-ún 2023. Ẹ sì mọ 3 oṣù kẹrin 2024, ọjọ́ tí NERC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọjà iná, gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí ogún lójúmọ́ fún, láti nǹkan bí ₦68 lọ sí ₦225 lórí yúníìtì kan. Láti ìgbà náà ni ẹni tí kò lówó sólà gan-an ti ń béèrè iye tí wọ́n ń tà á.

Wàhálà inú ọyẹ́

Ẹ jẹ́ ká mú òrùlé kan. Ọlọ́kadà, télọ̀ tàbí olùkọ́ ló nilé, kò já mọ́ nǹkan. Ó ra páńẹ́ẹ̀lì 550W mẹ́ta àti kọntíróólà MPPT, ẹ̀rọ tó ń darí iná páńẹ́ẹ̀lì wọ inú bátìrì, tí wọ́n kọ 150V sí lára, ìyẹn fóòtì tó lè gbà jù. Oníṣẹ́ yí páńẹ́ẹ̀lì kan padà, ó ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀: Voc 49.9V, ìyẹn fóòtì tó ń ní nígbà tí ohunkóhun kò tíì fa iná lára rẹ̀. Ó so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, ìyẹn 49.9 lọ́nà mẹ́ta, ó jẹ́ 149.7V. Kò kọjá 150V. Oṣù kẹjọ ni wọ́n so ó, ó ń ṣiṣẹ́, wọ́n sanwó, wọ́n dúpẹ́.

Oṣù kejìlá dé, ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Ní Ṣakí, Ìsẹ́yìn tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, òtútù òwúrọ̀ lè já sí 16 tàbí 17 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ohun tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ kò kà lára ìwé ẹ̀yìn páńẹ́ẹ̀lì ni pé nígbà tí páńẹ́ẹ̀lì wà ní 25 ni wọ́n wọn 49.9V yẹn. Bó bá ti ń tutù sí i ni fóòtì rẹ̀ ń gòkè, nǹkan bí 0.27 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Láti 25 wá sí 16 jẹ́ ìwọ̀n mẹ́sàn-án. Ẹ ṣírò rẹ̀: 149.7V ti di 153V. Nígbà tí ojú ọ̀run bá sì mọ́ gaara lóru, páńẹ́ẹ̀lì orí òrùlé lè tutù ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ.

Oòrùn wá yọ. Ìmọ́lẹ̀ ti kan páńẹ́ẹ̀lì ṣùgbọ́n kò tíì gbóná, kọntíróólà kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í fa iná, nítorí náà gbogbo 153V ló dojú kọ ọ́ lódindi. Kọntíróólà olówó ńlá lè pa ara rẹ̀ kó máa sọ pé iná ti pọ̀ jù. Olówó pọ́ọ́kú yóò jó. Nígbà tí onílé bá fi máa jí, kò sí iná. Ó pe oníṣẹ́, oníṣẹ́ dé, ó gbóòórùn, ó mi orí: “Ọjà feèkì ni wọ́n tà fún yín, bàbá.”

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà yí sí gan-an nìyẹn. Oníṣẹ́ yẹn kò parọ́, ohun tó gbà gbọ́ ló sọ. Ó ra òmíràn, ó so ó bó ṣe so ti àkọ́kọ́. Bí ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e bá tún pa á, á ní àdúgbò yẹn ni iná rẹ̀ kò dára. Oníṣẹ́ kejì, tó mú bírò tó ṣírò, yóò so páńẹ́ẹ̀lì méjì péré ní tẹ̀léǹtẹ̀lé lórí 150V, tàbí kó ní kí wọ́n ra kọntíróólà 250V. Owó tí ìṣírò náà ná an kò sí, àkókò rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ: àwọn méjèèjì gun àkàbà, wọ́n jọ mọ bí wọ́n ṣe ń so wáyà, sáfíkéètì kan náà ló sì lè wà lọ́wọ́ wọn.

Fún apá ọ̀dọ̀ wa, ìlànà tó dára ni pé kí Voc gbogbo páńẹ́ẹ̀lì tí a so tẹ̀léra má kọjá ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ohun tí ẹ̀rọ náà lè gbà. Lórí 150V, ẹ dúró sí 135V. Lórí ìnfátà alápapọ̀, èyí tí kọntíróólà wà nínú rẹ̀, tó ń gba 500V, ẹ dúró sí 450V, ìyẹn páńẹ́ẹ̀lì mẹ́sàn-án irú èyí tí mo sọ.

Ooru náà ní tirẹ̀. Ẹlòmíràn yóò so páńẹ́ẹ̀lì mẹ́ta sórí ìnfátà alápapọ̀ tí ìwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 120V. Vmp irú páńẹ́ẹ̀lì yẹn, ìyẹn fóòtì tó fi ń ṣiṣẹ́, tó 42V. Mẹ́ta jẹ́ 126V, ó dà bíi pé ó tó. Lọ́sàn-án oṣù kẹta, orí páánù gbígbóná, páńẹ́ẹ̀lì lè gbóná dé 65. Fóòtì rẹ̀ á ti wálẹ̀ dé nǹkan bí 108V. Ìnfátà tó ṣiṣẹ́ dáadáa láago mẹ́sàn-án yóò wá máa ṣe ségesège láago kan ọ̀sán, nígbà tí oòrùn mú jù. Oníbàárà á ní irú idán wo nìyí.

Kí ẹnikẹ́ni tó gba Alábà lọ

Bí ẹ bá wo bí wọ́n ṣe ń ta sólà, ọjà ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ. “Ẹ̀gbọ́n, 3.5kVA lẹ máa rà, bátìrì méjì, páńẹ́ẹ̀lì mẹ́rin.” Ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè ohun tó wà nínú ilé. Iṣẹ́ gidi ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ọjà, orí bébà kan ṣoṣo ló sì wà.

Ẹ mú ilé oníyàrá méjì. Gílóòbù 10W mẹ́fà fún wákàtí márùn-ún jẹ́ 300Wh. Fáànù 60W méjì fún wákàtí mẹ́jọ, 960Wh. Tẹlifíṣọ̀n 80W fún wákàtí márùn-ún, 400Wh, pẹ̀lú dekódà rẹ̀, 75Wh. Kọ̀ǹpútà alágbèéká 60W fún wákàtí mẹ́rin, 240Wh. Fíríìjì ló máa ń dàrú mọ́ àwọn èèyàn lójú. Kì í ṣiṣẹ́ ní gbogbo wákàtí mẹ́rìnlélógún, ó ń sinmi, ó ń jí. Ẹ fi 1,300Wh sí i fún ọjọ́ kan, tàbí kí ẹ kúkú fi mítà kékeré tí wọ́n ń kì bọ sókẹ́ẹ̀tì wọ̀n ọ́n fún ọjọ́ méjì, ìyẹn ló dára jù. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 3,275Wh. Ìnfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ iná, wáyà ń jẹ, eruku ń jẹ, nítorí náà ẹ fi ìdá kan nínú márùn-ún kún un: 3,930Wh.

Ẹ wá pín in fún oòrùn. Oòrùn tí oníṣẹ́ ń ṣírò kì í ṣe wákàtí tí ilẹ̀ fi mọ́. Wákàtí tí oòrùn ìbá fi ràn ní agbára kíkún ni. Lápá gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ó tó mẹ́rin ààbọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì lè wálẹ̀ dé bíi mẹ́ta ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, 3,930 tí a pín sí 4.5 jẹ́ 873W, páńẹ́ẹ̀lì 550W méjì tó o. Nígbà òjò, 1,310W ni, ó ti di mẹ́ta. Ẹni tó bá ta méjì fún oníbàárà láì sọ ọ̀rọ̀ oṣù keje fún un, oṣù keje ni wọn yóò jà. Oníbàárà lè yan méjì, kó sì gbà pé òun á máa tan jẹ́nẹ́rétọ̀ díẹ̀ nínú òjò. Ìpinnu tirẹ̀ nìyẹn, kó ṣáà ti mọ̀.

Ní ti bátìrì, lára 3,275Wh yẹn, nǹkan bí 2,200 ni wọn yóò jẹ lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀. Ẹ fi ti ìnfátà kún un, ó di 2,450. Tí ó bá jẹ́ túbúlà, ìyẹn bátìrì òjé olómi, ìdajì agbára rẹ̀ ni kí ẹ máa lò tí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́, nítorí náà ẹ nílò bíi 4,900Wh, ìyẹn 12V 220Ah méjì. Tí ó bá jẹ́ lítíọ́ọ̀mù, èyí tó jẹ́ 25.6V 100Ah ní 2,560Wh nínú. Lórí bébà ó jọ pé ó tó, ṣùgbọ́n a kì í fá a gbẹ, kò sì sí ìṣẹ́kù kankan fún ọjọ́ tí àlejò bá dé. Ẹni tó bá lágbára kó ra 5kWh.

Lẹ́yìn èyí nìkan ni a óò tó sọ̀rọ̀ ìnfátà. Ohun tí gbogbo wọn ń jẹ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kò tó 600W. Ṣùgbọ́n fíríìjì, nígbà tó bá ń jí, lè fa ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún ohun tó ń jẹ fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga, tó jẹ́ agbára ẹṣin kan (1HP), ìyẹn 746W, bó bá fẹ́ gbéra ó lè fẹ́ tó 2,000W. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kí oníṣẹ́ béèrè ni “Kí lẹ fi ń fa omi?” Kó tó béèrè “Èló lẹ ní?”

Ibi tí iná ti ń ràn

Mo ti sọ ti ọyẹ́. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n máa ń fi pamọ́ sẹ́yìn ògiri tí ẹnikẹ́ni kò ní rí wọn títí tí èéfín yóò fi yọ.

Wáyà tín-ín-rín ni olórí wọn. Lórí bátìrì 12V, ẹrù 1,000W ń fa 83A. Bí oníṣẹ́ bá fi wáyà 10mm² gbé e gba mítà méjì láti bátìrì dé ìnfátà, lílọ àti bíbọ̀, 0.6V yóò ṣègbé lójú ọ̀nà. Bátìrì ní 12.0V, ìnfátà ń rí 11.4V, ó ń han gooro pé bátìrì ti tán. Wọ́n á ní bátìrì ti kú, wọ́n á ra tuntun. Bátìrì kò kú o. Ká ní 35mm² ni wọ́n fi ṣe é, 0.17V péré ni ìbá sọnù. Orí wáyà tí wọ́n fi púláyà tẹ̀ mọ́ra dípò ohun èlò tí wọ́n ṣe fún un náà ń gbóná títí tí rọ́bà rẹ̀ yóò fi yọ́.

Èkejì ni bréékà ilé tí wọ́n ń lò fún iná páńẹ́ẹ̀lì. Iná NEPA ń já sí òfo ní ìgbà ọgọ́rùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà bí bréékà bá ya, iná tó ń tàn láàárín ẹnu rẹ̀ méjèèjì á kú fúnra rẹ̀. Iná páńẹ́ẹ̀lì kì í já sí òfo. Bí bréékà tí kò ṣe fún un bá ya, iná yóò máa jó nínú rẹ̀ lọ, á yọ́ ọ, ó lè ran pátákó tí wọ́n kàn án mọ́. Bréékà tí wọ́n kọ DC sí lára, ìyẹn irú iná tó ń ti ara páńẹ́ẹ̀lì àti bátìrì wá, tí fóòtì rẹ̀ tó ti páńẹ́ẹ̀lì, ni kí ẹ rà. Ó wọ́n díẹ̀ ju ti ilé lọ. Ilé ló wọ́n jù.

Ètò ìgbàná bátìrì ni ẹ̀kẹta, ìdí tó fi ń bí mi nínú ni pé bọ́tìnì lásán ni wọ́n ń tẹ̀ láti ṣe é. Túbúlà fẹ́ 14.4V kó tó kún dáadáa, ó sì fẹ́ kí wọ́n máa gbé e gòkè jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí ásíìdì inú rẹ̀ lè pò pọ̀. Lítíọ́ọ̀mù onísẹ́ẹ̀lì mẹ́rin kò gbọdọ̀ kọjá 14.6V láéláé. Oníṣẹ́ yọ túbúlà, ó fi lítíọ́ọ̀mù sí i, kò yí ètò padà. Lẹ́yìn oṣù kan, bátìrì tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í pa ara rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, nítorí pé BMS, bọ́ọ̀dù kékeré tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀, ń gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ fóòtì tó pọ̀ jù. Ẹni tí kò mọ̀ yóò tú BMS yẹn sọnù. Lẹ́yìn ìyẹn, kí Ọlọ́run má fi wá ṣẹ̀sín.

Òjìji táǹkì omi, bátìrì tuntun tí wọ́n so pọ̀ mọ́ èyí tó ti lo ọdún mẹ́ta, omi ẹ̀rọ tí wọ́n ń rọ sínú bátìrì dípò omi tí wọ́n sè tí wọ́n gba ooru rẹ̀, páńẹ́ẹ̀lì tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ gbalaja tí òjò kò fi lè fọ eruku rẹ̀: àwọn wọ̀nyí kò nílò àlàyé púpọ̀. Ẹ gbé páńẹ́ẹ̀lì dàgẹ̀rẹ̀ tó ìwọ̀n 10 sí 15, kí ẹ kọjú rẹ̀ sí gúúsù. Ẹ fọ̀ ọ́ láàárọ̀. Ẹ má da omi tútù sórí gíláàsì tó ti gbóná.

Ta ló ń san owó ìwọ̀n?

Bí ìmọ̀ yìí bá ṣe pàtàkì tó báyìí, kí ló dé tí ẹni tó ní in kò lówó? Nítorí pé ọjà sólà wa kò sanwó fún ìwọ̀n. Èrè orí ọjà ló ń bọ́ oníṣẹ́. Ó ń ra bátìrì ní Alábà, ó ń fi nǹkan lé e, ohun tó lé e yẹn ni oúnjẹ rẹ̀. Owó iṣẹ́ tí wọ́n ń fún un jẹ́ ohun ìyọ̀ǹda. Àwọn oníbàárà sì ti gbọ́n báyìí. Wọ́n ń wo iye ọjà lórí fóònù, wọ́n ń lọ rà á fúnra wọn, wọ́n á ní kó wá so ó nìkan. Ìsọwáyà ló kù fún un láti tà, ìsọwáyà sì ni ohun tí gbogbo ọmọ iṣẹ́ mọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń pariwo pé kò síṣẹ́: ìsọwáyà ti kún ọjà. Ìwọ̀n ni onílé ń wá tí kò rí, kò sì mọ orúkọ tí òun ìbá fi béèrè rẹ̀.

Lójú mi, oníṣẹ́ tó bá fẹ́ jẹun nínú iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ yọ owó àyẹ̀wò kúrò lára owó ọjà. Kó lọ sí ilé, kó wọn ohun tó ń jẹ iná, kó wo òrùlé, kó wo táǹkì àti igi, kó kọ ọ́ sórí bébà, kó fọwọ́ sí i, kó gbowó bébà yẹn. Bí onílé bá fẹ́ kó lọ fi ra ọjà níbi tó bá wù ú. Àwọn kan yóò kọ̀, wọ́n á ní “Tìtorí kí ni n ó ṣe sanwó bébà?” Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ẹni tí kọntíróólà rẹ̀ ti jó lẹ́ẹ̀kan kì í bá ènìyàn jiyàn owó bébà.

Kọ̀ǹpútà ńkọ́? Ọgbọ́n àtọwọ́dá lè ṣírò ohun tí mo ṣírò lókè yìí láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, kò sì ní ṣì í. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá sọ fún un ló ń ṣírò. Onílé tó gbàgbé pé òun ní ẹ̀rọ tó ń fa omi kò ní sọ fún un. Ọgbọ́n àtọwọ́dá kò rí igi máńgòrò aládùúgbò tí yóò ga sí i lọ́dún tó ń bọ̀. Apá tí ẹ̀rọ yóò gbà lọ́wọ́ oníṣẹ́ ni kíkọ iye owó ránṣẹ́ àti yíya àwòrán. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ, kó tètè wá nǹkan fi kún un.

Iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn iṣẹ́

Àwọn tó ń béèrè bóyá iṣẹ́ sólà yóò ṣì máa tà ní 2030, ìsopọ̀ tuntun ni wọ́n ń wò. Èmi ń wo àtúnṣe. Ẹ rántí iye bátìrì tí wọ́n so láti 2023. Túbúlà tí wọ́n tọ́jú dáadáa lè lo ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, èyí tí wọn ò tọ́jú kò ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Páńẹ́ẹ̀lì lè lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ìyẹn ni pé orí òrùlé kan náà yóò nílò oníṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ìgbà kí páńẹ́ẹ̀lì tó di ògbó.

Nínú iṣẹ́ àtúnṣe, mẹ́ta ni mo rí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe kò tó nǹkan. Ọ̀kan ni àtúnṣe bọ́ọ̀dù ìnfátà, pàápàá pípààrọ̀ MOSFET àti IGBT, àwọn ohun kéékèèké tó ń ṣí iná tó sì ń tì í nínú rẹ̀, àti mímọ ohun tó pa á kó tó tún pa tuntun. Òmíràn ni ṣíṣí bátìrì lítíọ́ọ̀mù, wíwọn sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan tó yẹ kó wà ní nǹkan bí 3.2V, rírí èyí tó ń fa àwọn yòókù sẹ́yìn, àti pípààrọ̀ rẹ̀ láì jó ilé. Ẹ̀kẹta ni ìkójọ bátìrì òjé tó ti kú. Òjé ní májèlé tó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, bí wọ́n sì ṣe ń fọ́ ọ lẹ́bàá ilé, tí wọ́n ń da ásíìdì rẹ̀ sí gọ́tà, kò lè máa lọ bẹ́ẹ̀ títí. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń kó o tó mọ́ tónítóní yóò rí àwọn ilé-iṣẹ́ tí yóò máa wá a.

Apá ìjọba náà ń ṣílẹ̀kùn. Òfin iná mànàmáná ti 2023 fún ìpínlẹ̀ láyè láti máa bójú tó ọjà iná tirẹ̀, NERC sì ti fa iṣẹ́ náà lé Èkìtì, Oǹdó, Ọ̀yọ́, Ògùn àti Èkó lọ́wọ́. Àjọ tuntun nílò ẹni tí yóò yẹ nǹkan wò, tí yóò wọn nǹkan, tí yóò kọ ìròyìn rẹ̀. Ní oṣù kejìlá 2023, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin bílíọ̀nù dọ́là kan fún ètò DARES, tí wọ́n ní yóò gbé iná dé ọ̀dọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó lé ní mílíọ̀nù 17.5, púpọ̀ nínú rẹ̀ láti ara iná sólà abúlé àti ti ilé kọ̀ọ̀kan. Iná abúlé kan nílò ẹni tí ń gbé nítòsí tó lè ka mítà, tó lè wọn bátìrì, tó lè sọ fún ilé-iṣẹ́ lórí fóònù ohun tó bàjẹ́ gan-an. Ẹni tí kò lè ṣe ju “iná ò sí o” lọ kò ní rí iṣẹ́ yẹn gbà.

Mo rò pé ohun kan náà ló wà nínú àwọn iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ń kéde kiri. Ẹ wo àwọn tó ń yí mọ́tò sí CNG, ìyẹn gáàsì dípò bẹntiróòlù. Síso sílíńdà gáàsì kò le. Mímọ bóyá gáàsì ń jò ní oríkèé kan tí ojú kò rí, àti fífọwọ́ sí ìwé pé kò jò, ni ènìyàn ń sanwó fún. Ẹ wo nọ́ọ̀sì tó ń lọ sí ìlú ọba, ẹ wo ẹni tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà báńkì. Níbi tí àṣìṣe bá ti gbówó lórí, tí kò sì hàn lójú ẹsẹ̀, níbẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń wọ́n. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀nà tí mo tọ̀ níbí ló já sí ibì kan náà.

Fún ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀

Bí ẹ bá ń wá ibi tí ọmọ yín yóò ti kọ́ṣẹ́ sólà, NAPTIN, iléèwé ìjọba fún iṣẹ́ iná, ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀, NEMSA sì ni àjọ ìjọba tó ń fún àwọn oníṣẹ́ iná ní ìwé àṣẹ. Wọ́n dára, ẹ lọ bá wọn. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wa ṣì ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, a ń lo ọdún, a ń ṣe fríìdọ́ọ̀mù. Kí ẹ tó fọmọ sílẹ̀, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá náà, kí ẹ jókòó díẹ̀.

Ẹ béèrè ìwé tó ń kọ iṣẹ́ ilé kọ̀ọ̀kan sí. Ọ̀gá tó mọṣẹ́ yóò ní ìwé kan, kódà kó jẹ́ ti ọmọ iléèwé, tó kọ fóòtì páńẹ́ẹ̀lì lọ́jọ́ tó so ó, fóòtì bátìrì lẹ́yìn tó sinmi, àti ètò ìgbàná tó tẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Túbúlà tó kún tó sì ti sinmi yẹ kó wà ní nǹkan bí 12.7V, 12.1V ti sún mọ́ ìdajì. Bí ọ̀gá bá padà lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tó rí 12.3V lẹ́yìn ọjọ́ tí oòrùn mú, ìwé náà ni yóò sọ fún un pé nǹkan kan ti ń lọ, oníbàárà kò sì tíì mọ̀.

Ẹ béèrè ohun tí ọmọ iṣẹ́ ń kọ́ ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Bó bá jẹ́ pé gígun òrùlé àti gbígbẹ́ ògiri ni, ọmọ yín yóò mọ bí wọ́n ṣe ń gun òrùlé. Kí ó kọ́ ìṣírò bébà yẹn ṣáájú, kó ṣe é fún ilé yín, fún ilé àǹtí rẹ̀, fún ilé ìjọsìn, títí tí kò fi ní gbàgbé ẹ̀rọ tó ń fa omi mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó gbé mítà onígèǹgè rẹ̀ wá, ìyẹn clamp meter, èyí tí ẹnu rẹ̀ máa ń há wáyà mọ́ra láti wọn áńpù. Ẹ wo ara rẹ̀ dáadáa. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń tà lọ́jà kò lè wọn áńpù DC, ti NEPA nìkan ni wọ́n ń wọ̀n. Ọ̀gá tó bá ń fi irú èyí ṣiṣẹ́ sólà kò tíì mọ iye iná tó ń wọ bátìrì kankan rí. Ẹ kí i pé ó kú iṣẹ́, kí ẹ wá ṣọ́ọ̀bù mìíràn.